Ohun tí mo sọ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Sátidé tó kọjá ló ṣẹlẹ̀, ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo lọ kí ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo níbí. Ìyá Ìsàlẹ̀ la máa ń pè wọ́n. Ọdún kẹfà rèé tí omi wọ ilé wọn, tó ba bẹ́ẹ̀dì, máṣíìnì ìránṣọ àti ìrẹsì tí wọ́n ń tà jẹ́. Mo gbé ìrẹsì, òróró àti búrẹ́dì dání. Ẹ̀yin náà tí ẹ ní ẹbí létí odò mọ bó ṣe máa ń rí: inú mi dùn pé mo gbìyànjú.

Wọ́n ti kun iwájú ilé. Inú ilé lọ̀rọ̀ wà. Ìlà ẹrẹ̀ ṣì wà lára ògiri pálọ̀, ó kàn mí láyà. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta-mẹ́ta ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n so ọ̀rá dúdú kan mọ́ igi àjà, ìwé ilẹ̀ àti fọ́tò ìgbéyàwó wọn ló wà nínú ẹ̀.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni òjò ṣú. Kò tíì kán o. Ìyá dìde, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí aṣọ sórí tábìlì. Àwọn ọmọ ilé ò bèèrè nǹkan kan, oníkálukú ti mọ ohun tí yóò gbé. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti gbé báàgì ìwé ẹ̀ kọ́rùn. Ni mo bá rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, ó mà ti pẹ́. Òjò lásán nìyí. Ẹ jẹ́ kó lọ."

Wọn ò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti lọ?" Wọ́n tún gbé àpótí náà, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ̀rọ̀ títí òjò fi dá. Búrẹ́dì mi wà lórí àga, omi tó ń jò láti òrùlé ń kán sórí ọ̀rá ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo pè, mo bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹ má sọ "ó ti pẹ́" fún ẹni tí omi ti wọlé bá rí. Ọdún ń lọ, àmọ́ òjò ń padà wá lọ́dọọdún. Odò Ògùnpa ya ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980. Wọ́n gbẹ́ odò náà lẹ́yìn ẹ̀, síbẹ̀ nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún gbé èèyàn àti afárá lọ nílùú kan náà. Ṣé ojo wá ni Ìyá?

Bí wọ́n bá ń gbé ẹrù, ẹ bá wọn gbé, kí ẹ má sọ pé ó ti pẹ́. Ẹ sì bèèrè ohun tó kù kí ẹ tó rajà. Ìrẹsì wà nílé wọn, páànù méjì ló ń jò.

Èmi náà kì í ṣe ọ̀dájú o, mo fowó ránṣẹ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má sì bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kó kúrò. Sàréè ọkọ wọn wà níwájú ilé yẹn.

Mo ti ra páànù náà, èmi àti káfíńtà ń lọ ní Sátidé. Mo bi ọmọ kékeré yẹn lórí fóònù pé kí ni kí n máa gbé bí òjò bá ṣú. Ó ní rédíò.