Bọ́ọ̀sì Etíkun: Fíríìjì Tó Ń Dákẹ́ Lálẹ́ àti Ojú Ẹ́ẹ̀tì Tí Iyọ̀ Jẹ

Ọ̀rọ̀ fíríìjì tó ń dákẹ́ lálẹ́ nínú bọ́ọ̀sì tí a ń sọ di ilé gbígbé létíkun ti yanjú. Kì í ṣe bátìrì ló ń pa á, kì í sì í ṣe kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Ojú ẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí wáyà nẹ́gétíìfù ti so mọ́ irin ara ọkọ̀, lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná ni, iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́ wọnú. Ibẹ̀ ni gbogbo agbára iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ibẹ̀ náà ni àlàyé máa pọ̀ sí jù.

Kí á tètè ka àwọn èyí tó ti parí. Táǹkì omi lítà 180 ti jókòó, ìgbànú irin méjì ló dè é mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀dì ti gorí pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi sẹ̀ǹtímítà 8 ga kúrò lórí ilẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀, torí fóòmù tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja lórí pákó létíkun, kò ní pẹ́ bu. Gíláàsì ẹ̀yìn ti wọ ojú rẹ̀ pẹ̀lú tépù bútáìlì (rọ́bà rírọ̀ tó ń lẹ̀), òjò ńlá ti rọ̀ sí i, kò jò.

Ó wá ku fíríìjì. Bátìrì LiFePO4 (irú lítíọ̀mù kan) oní-fólítì 12, ámpù-wákàtí 200, wà lẹ́yìn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fíríìjì wà níwájú, lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Wáyà pósítíìfù rẹ̀ jẹ́ 6 mm², ó fi mítà 7 rìn wá láti àpótí fúùsì. Nẹ́gétíìfù ni kò ní wáyà tirẹ̀: ara ọkọ̀ ló ń gbà padà, bí iná ọkọ̀ ṣe máa ń rí láti ìpilẹ̀. Nẹ́gétíìfù fíríìjì, ti páǹpù omi, ti fáànù àjà àti ti àwọn iná, gbogbo wọn pàdé lórí bóòtù M8 (oní-mìlímítà 8) kan tó wọ egungun irin ara ọkọ̀.

Àmì tó ń fi hàn rèé. Lọ́sàn-án, kò sí nǹkan kan. Tó bá ti di alẹ́, bí èèyàn bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi láti fọ abọ́, fíríìjì á dákẹ́. Iná LED kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á sinmi, á tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Lórí àwọn kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fíríìjì irú BD35 àti BD50 tí ilé-iṣẹ́ Secop ń ṣe, ìṣẹ́jú iná yẹn ní ìtumọ̀: ẹ̀ẹ̀kan, fólítì tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù; ẹ̀ẹ̀mejì, fáànù rẹ̀ ń fa iná jù; ẹ̀ẹ̀mẹta, mọ́tò kọ̀ láti gbéra; ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó ti gbóná jù. Torí náà, kí èèyàn tó tú síkúrù kankan, kó ka ìṣẹ́jú iná ná. Ó máa gbà á lọ́wọ́ ríra kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tuntun sí èyí tí kò bàjẹ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ètò rẹ̀ padà, fólítì 10.4 ni bọ́ọ̀dù tó ń darí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti máa ń pa á, kò sì ní gbà láti tan títí fólítì yóò fi padà dé 11.7.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fólítì 13.1 ni míta ń kà lórí bátìrì gan-an lálẹ́. Kí ló wá jẹ ìyókù lójú ọ̀nà?

Ẹ má fi ojú ọ́ọ̀mù wá irú nǹkan báyìí. Iná tíńtín ni míta ń rán jáde nígbà tó bá wà lójú ọ́ọ̀mù, wáyà abẹ́rẹ́ míta fúnra rẹ̀ sì lè ní tó ọ́ọ̀mù 0.2, ìyẹn ju ohun tí à ń wá lọ. Ojú fólítì ni kí ẹ gbé e sí, kí gbogbo nǹkan wà lórí iná, kí ẹ wá wọn fólítì tó ń sọnù. A tan fíríìjì, fáànù àti iná pa pọ̀, ó jẹ́ ámpù 10. Abẹ́rẹ́ dúdú dúró lórí ojú nẹ́gétíìfù bátìrì, wáyà gígùn kan ni a fi fà á dé iwájú. Abẹ́rẹ́ pupa ni a ń gbé kiri.

Lórí bóòtù ẹ̀yìn, níbi tí wáyà bátìrì ti wọ ṣásí (irin ìpìlẹ̀ ọkọ̀): fólítì 0.04. Lórí irin egungun ara ọkọ̀ níwájú, níbi tí a ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò díẹ̀: 0.31. Lórí etí wáyà tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì, tí kò fi ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ sí ibi tí a ha yẹn: 1.54. Lẹ́yìn fíríìjì: 1.60. Lápá pósítíìfù, látòkè délẹ̀, 0.1 péré ló sọnù. Ọ̀rọ̀ ti hàn kedere: fólítì 1.23 ń ṣègbé láàárín irin àti etí wáyà tí wọ́n jọ wà lórí bóòtù kan náà.

Ìṣirò rẹ̀ ló wá ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ alẹ́. Fólítì 1.6 lórí ámpù 10 jẹ́ ọ́ọ̀mù 0.16. Nígbà tí páǹpù omi bá fi ámpù 7 tirẹ̀ kún un, ó di ámpù 17, fólítì 2.7 á sì sọnù. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú 13.1, ẹ yọ 0.1 ti pósítíìfù, ó ku 10.3: ó ti kọjá sísàlẹ̀ 10.4, ó gbọ́dọ̀ pa. Lọ́sàn-án, sólà ti gbé bátìrì lọ sí nǹkan bíi 14, ìyókù á jẹ́ 11.2, fíríìjì á máa ṣiṣẹ́ lọ bíi pé kò sí àléébù kankan. Àìsàn wà lára ọkọ̀ tọ̀sán-tòru, oòrùn ló kàn ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì ń wo ojú bátìrì nìkan kò ní rí i láéláé.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù jù. Fólítì tó sọnù yẹn, ooru ló ń dà. Nígbà tí páǹpù bá ń ṣiṣẹ́, nǹkan bíi wáàtì 35 ló ń jó lórí bóòtù kékeré yẹn, ó tó ti irin tí wọ́n fi ń jó òjé mọ́ wáyà, pákó kọ́bọ́ọ̀dù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rọ́bà etí wáyà méjì ti pọ́n, ó ti le gbagidi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní bọ́ọ̀sì tó ń gbé létíkun, kó fọwọ́ kan gbogbo ojú ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo nǹkan bá wà lórí iná. Èyí tó bá gbóná, òun ni kó kọ́kọ́ tú.

Nígbà tí nọ́ọ̀tì jáde, ìyẹ̀fun funfun ló kọ́kọ́ dà sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìpẹtà pupa. Bí wọ́n ṣe tò ó rèé: nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi síǹkì bò, wọ́ṣà eléyín, àwo alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ kan, etí wáyà mẹ́rin, lẹ́yìn náà irin egungun tí ọ̀dà ṣì wà lójú rẹ̀. Irin oríṣiríṣi tó fara kanra, tí omi iyọ̀ wà láàárín wọn, bátìrì kékeré ni wọ́n dà: èyí tí iyọ̀ tètè ń jẹ jù lára wọn ló máa jẹ́ oúnjẹ fún ìyókù. Síǹkì ló kọ́kọ́ lọ, alumíníọ̀mù tẹ̀ lé e. Ìyẹ̀fun tí alumíníọ̀mù ń fi sílẹ̀ kì í gbé iná kọjá. Kò sì nílò òjò: iyọ̀ tó bá ti bà lé irin máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, òru etíkun sì sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irin náà kì í gbẹ rárá.

Ètò àkọ́kọ́ ni pé kí a tún ojú yẹn ṣe, kó parí síbẹ̀. A yọ àwo alumíníọ̀mù dànù. A fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà àti sáńpépà ha irin títí tó fi ń dán ní ìwọ̀n mìlímítà 25, a fi etí wáyà tuntun lé irin tààrà láìsí wọ́ṣà láàárín wọn, wọ́ṣà wá wà lórí, lábẹ́ nọ́ọ̀tì. A fún un le, lẹ́yìn náà ni a kun gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ọ̀dà tàbí gíríìsì gbọ́dọ̀ wá lẹ́yìn tí irin bá ti fẹnu kò; ẹni tó bá kun ojú irin kó tó dè é, iná ló ń dínà fún. Fólítì 1.23 yẹn di 0.05.

Ibẹ̀ ni ètò ti yí padà. Ojú bóòtù ti dára, ṣùgbọ́n 0.27 tó wà láàárín ẹ̀yìn àti iwájú ṣì wà níbẹ̀ digbí, òun ni ti ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Páànù irin tí wọ́n jó pọ̀ lójú kọ̀ọ̀kan ni ara bọ́ọ̀sì, iyọ̀ sì ń wọ àárín wọn bó ṣe wọ abẹ́ nọ́ọ̀tì yẹn. Kò sí sáńpépà tó lè dé ibẹ̀, ọdọọdún ni yóò sì máa burú sí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè tọ́jọ́ létíkun ni kí ara ọkọ̀ má gbé iná ilé mọ́. Nẹ́gétíìfù gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti iwájú dé ojú bátìrì.

Wáyà wo? Lórí ámpù 17 àti mítà 7, 16 mm² máa sọ fólítì 0.13 nù, 25 mm² máa sọ 0.08 nù. 16 ì bá tó. A mú 25 nítorí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ táyà oní-ámpù 30 ń bọ̀ wá síwájú, fún àwọn ọ̀nà oníyanrìn tí èèyàn ti ní láti sọ atẹ́gùn táyà kalẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, kó sì fẹ́ ẹ padà tó bá jáde. Tí gbogbo rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ó di ámpù 47, ohun tí 25 máa sọ nù á ṣì wà ní 0.23.

Wáyà bàbà tí wọ́n fi tin bo okùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ rà, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ojú omi. Bàbà lásán máa ń dúdú wọnú rọ́bà létíkun, omi á máa gba àárín okùn rẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra lọ́dọ̀ àwọn olùtajà: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò pọ̀ lórí àtẹ, wọ́n sì ń tà á bíi bàbà. Ẹ gé e, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Tí ara okùn bá pupa tí inú rẹ̀ funfun, alumíníọ̀mù ni. Tí ara rẹ̀ bá funfun tí inú rẹ̀ pupa, bàbà onítin ni, òun gan-an ni à ń wá. Ìwọ̀n rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: alumíníọ̀mù fúyẹ́ lọ́wọ́. Wáyà alumíníọ̀mù ò lè gbé iná tó bàbà tí wọ́n jọ tóbi, iyọ̀ sì máa ń jẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun láti ibi tí wọ́n bá ti gé e.

Etí wáyà, títẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀ alágbára omi tó ní ẹnu igun mẹ́fà. Ẹ má fi òjé jó o. Òjé máa ń ṣàn wọ àárín okùn wáyà, ibi tó bá parí sí á le, gbígbọ̀n ọkọ̀ á sì dá a níbẹ̀. Lẹ́yìn títẹ̀, ẹ fà á tagbára-tagbára. Tó bá yọ lọ́wọ́, ì bá yọ lójú ọ̀nà. Rọ́bà asúnkì, èyí tí ooru máa ń fún mọ́ wáyà, tó ní gọ́ọ̀mù nínú ló bò ó, mìlímítà 40: 15 lórí ọrùn etí wáyà, 25 lórí rọ́bà wáyà. Tí gọ́ọ̀mù bá yọ yí ká ní ìkángun méjèèjì, omi ò ríbi wọ̀.

Níwájú, bọ́sìbáà bàbà onítin kan, ìyẹn ọ̀pá tí gbogbo wáyà nẹ́gétíìfù ń pàdé lórí rẹ̀, ló gba ipò bóòtù yẹn, lórí pákó, kò kan irin rárá, ó sì fi sẹ̀ǹtímítà 40 ga kúrò nílẹ̀. Wáyà náà gba òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò gba kòtò ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tí omi ti máa ń dúró. Ìdè wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 síra wọn, rọ́bà òrùka sì wà níbikíbi tó bá ti la irin kọjá. Kó tó wọ bọ́sìbáà, ó kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè, kí omi ìrì tó bá ń gba ara rẹ̀ ṣàn kán sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má gé ṣásí kúrò lára nẹ́gétíìfù pátápátá o. Ó gbọ́dọ̀ so mọ́ ọn lójú kan ṣoṣo, lẹ́yìn, nítòsí bátìrì. Tí wáyà pósítíìfù kan bá bó tó sì kan irin, ojú kan yẹn ló máa jẹ́ kí fúùsì jó kí pákó tó jó.

Ohun tí míta wí lẹ́yìn gbogbo rẹ̀: 13.1 lórí bátìrì, 12.85 lẹ́yìn fíríìjì, páǹpù ń ṣiṣẹ́, fáànù ń yí, iná tàn. Bọ́sìbáà tutù lọ́wọ́.

Èyí tún da ètò tó kàn rú. Ọ̀dà òkè ọkọ̀ ló yẹ kó kàn, ṣùgbọ́n bí ojú ẹ́ẹ̀tì inú ilé bá lè rí báyìí, ti ẹ́ńjìnnì tó wà níta gbangba ń kọ́? Ẹ́ẹ̀tì sítátà àti ti ọ́tánétọ̀ (èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fi iná sí bátìrì) ló máa kọ́kọ́ gba míta, ọ̀nà kan náà: abẹ́rẹ́ kan lórí nẹ́gétíìfù bátìrì ẹ́ńjìnnì, èkejì lórí ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan sì ta sítátà. Tó bá ju 0.2 lọ, títú ni. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ táyà náà ṣì ń dúró de pósítíìfù tirẹ̀, 16 mm² pẹ̀lú fúùsì ámpù 40, kí fúùsì má sì jìnnà sí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Ìpẹtà inú irin tó bo táyà ọ̀tún ẹ̀yìn ló máa tẹ̀ lé ìyẹn, òkè ọkọ̀ á wá dúró di ìgbà tí ojú ọjọ́ bá gbẹ.