Àká Òkúta ní Erékùṣù Hirta

Ilẹ̀ ti ṣú, síbẹ̀ ara mi ṣì ń mì bí ẹni tó wà lórí omi. Àárọ̀ yìí ni a wọkọ̀ ní Leverburgh, ní erékùṣù Harris ní Skọ́tlándì, a sì lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lójú agbami kí a tó dé Hirta, èyí tó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù St Kilda. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì, n kò ní purọ́.

Òpópónà kan ṣoṣo ni abúlé náà ní, ilé 16 tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1860 sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gba ọkàn mi ni àká òkúta tí wọ́n ń pè ní cleit, tó ju 1,200 lọ káàkiri erékùṣù náà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì ki orí bọ inú ọ̀kan. Wọn kò fi amọ̀ lẹ òkúta rẹ̀ pọ̀, ńṣe ni wọ́n tò ó léra, tí atẹ́gùn fi ń gba àárín rẹ̀ kọjá, tí òjò kò sì ráyè wọlé nítorí pé erùpẹ̀ tòun ti koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Atẹ́gùn yẹn ló ń gbẹ ẹran ẹyẹ òkun tí wọ́n ń jẹ. Òróró ẹyẹ náà ni wọ́n fi ń tan fìtílà, ìyẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀.

Ahoro ni à bá pe ibẹ̀ nílé, bẹ́ẹ̀ ogun ló sọ ọ̀pọ̀ ahoro tiwa dà bẹ́ẹ̀. Ní Hirta, àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ní oṣù Karùn-ún 1930 pé kí wọ́n wá kó àwọn, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ti lọ, ọwọ́ tó kù kò sì ká iṣẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, ọkọ̀ ojú omi Harebell kó àwọn 36 tó ṣẹ́kù. Wọ́n ní wọ́n fi Bíbélì sílẹ̀ ní ṣíṣí nínú ilé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọkà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ni wọ́n gbé ọkà yẹn kalẹ̀ dè?

National Trust for Scotland, àjọ tó ń tọ́jú àwọn ibi àjogúnbá ní Skọ́tlándì, ló ni ibẹ̀ láti 1957, UNESCO sì kà á mọ́ àjogúnbá àgbáyé ní 1986. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ gun ògiri kankan. Nígbà tí mo yọjú sínú àká kejì, àgùntàn kan, ọ̀kan nínú ìran àwọn 107 tí wọ́n kó wá láti erékùṣù Soay ní 1932, ti sá fún òjò síbẹ̀. Ó wò mí, kò dìde.