Àyẹ̀wò Ọdún Mi: Ọ̀nà Tó Yí Áísílándì Ká

Ọdún ń lọ sópin, mo sì jókòó wo ohun tó gbé wá. Ní ti iṣẹ́, ọpẹ́ ni: wọ́n mú mi kúrò ní iṣẹ́ alẹ́. Ara màmá mi le ju ti èṣí lọ. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ kò há mi lọ́rùn. Mo dúpẹ́ lórí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú ọdún yìí, ìrìn àjò tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi rìn lọ sí Áísílándì ní oṣù kẹfà ni n ó mú.

Àwa mẹ́rin ni. Ilé ìwé girama ní Ìbàdàn la ti pàdé. Ọ̀kan ń gbé Dublin báyìí, èmi àti Ìyá Ìbejì wà ní ìlú ọba, Ẹ̀gbọ́n sì wà ní Houston. Kíláàsì kan péré ni Ẹ̀gbọ́n fi ṣáájú wa, Ẹ̀gbọ́n la sì ń pè wọ́n títí dòní. Orí fóònù ni ìbáṣọ̀rẹ́ wa wà láti ọjọ́ yìí: "Ẹ kú oríire", "Ẹ kú ara fẹ́ra kù", àwòrán àwọn ọmọ, ó tán. Àjọ la dá, Ẹ̀gbọ́n ló ń gbà á pamọ́, òun la fi san owó ọkọ̀ òfuurufú àti mọ́tò tí a háyà. A gbé gaàrí àti ata díndín dání, nítorí owó oúnjẹ níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Kí a tó wọ ojú ọ̀nà gan-an, a kọ́kọ́ ya Þingvellir, níbi tí àwọn ará ilẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, Alþingi, ní ọdún 930. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń péjọ nígbà náà, láàárín àpáta. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń ya: apá Amẹ́ríkà ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, apá Yúróòpù ń lọ sí ìlà oòrùn, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ́dọọdún.

Hringvegur ni orúkọ ọ̀nà náà. Ó lé ní 1,300 kìlómítà, ó sì yí erékùṣù náà po, débi pé ẹni tó gbéra ní Reykjavík, olú ìlú wọn, tí kò ṣẹ́rí padà, Reykjavík náà ni yóò já sí. Gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè náà kò tó 400,000. Èèyàn lè wakọ̀ títí kó má pàdé ju àgùntàn lọ. Ọ̀pọ̀ afárá ibẹ̀ kò gbà ju ọkọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló ń kọ́kọ́ kọjá, ẹni tó wà lódìkejì á dúró dè é. Mo fẹ́ràn ìwà yẹn gan-an.

Ní oṣù kẹfà, ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀. Oòrùn á wọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ojú ọ̀run á ṣì mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ pé ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sùn.

A rìn gba ẹ̀yìn Seljalandsfoss, ìtàkìtì omi tó ga tó 60 mítà, gbogbo ara wa sì rin gbingbin. Ní Reynisfjara, níbi tí iyanrìn etíkun ti dúdú, mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ: ẹ má ṣe kẹ̀yìn sí òkun. Ìgbì ibẹ̀ máa ń ṣàdédé ya wọ orí ilẹ̀, ó sì ti pa àwọn àlejò.

Ibi tí ọkàn mi dúró sí jù ni Skeiðarársandur, ilẹ̀ iyanrìn dúdú tó tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́sẹ̀ Vatnajökull. Yìnyín ni Vatnajökull, òun nìkan ló bo nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Áísílándì. Ibí yìí ni ọ̀nà ti já tẹ́lẹ̀. Àwọn odò tó ń tabẹ́ yìnyín jáde kì í ṣàn sójú kan, nítorí náà ará Höfn, ìlú kan ní ìlà oòrùn ibẹ̀, tó bá fẹ́ wakọ̀ lọ sí Reykjavík ní láti gba àríwá yípo. Ọdún 1974 ni wọ́n parí afárá ibẹ̀, tí ọ̀nà fi pàdé. Nígbà tó di 1996, òkè ayọnáyèéfín bú lábẹ́ yìnyín náà. Ooru rẹ̀ yọ́ yìnyín, omi kóra jọ, ó sì ya dé ní oṣù kọkànlá. Ó gbé afárá kan lọ, ó ba òmíràn jẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ tún ti ń kọjá. Irin ńláńlá tí omi lọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀.

Nígbà tí a kúrò nídìí irin yẹn ni Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Èṣí ni bàbá kú ní Ìṣẹ́yìn. Ìwé ìgbélùú Ìyá Ìbejì kò tíì jáde, kò lè lọ, orí fóònù ló ti wo ìsìnkú. Gbogbo wa la mọ̀. A ti kí i, a ti fi owó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ pé kò tíì lè pa fídíò náà rẹ́, kò sì tíì lè wò ó lẹ́ẹ̀kejì. A kò gbọ́ irú ẹni tí bàbá jẹ́ sí i. Ó sọ ọ́ títí a fi dé Jökulsárlón, ibi tí òkìtì yìnyín ti ń léfòó lórí omi. Kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pa mọ́tò, wọ́n ní, "Máa sọ ọ́, a ń gbọ́."

Àríwá náà dára: ìtàkìtì omi Dettifoss, búrẹ́dì tí wọ́n ń fi ooru ilẹ̀ yan lẹ́bàá adágún Mývatn, iná pupa tó ń dá mọ́tò dúró ní ìlú Akureyri, tí wọ́n ṣe bí àwòrán ọkàn. Mo ya fọ́tò wọn. Ọ̀rọ̀ inú mọ́tò ni n kò lè fi wé ohunkóhun.

A ti bẹ̀rẹ̀ àjọ mìíràn. Ìṣẹ́yìn là ń lọ, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà a ó gun òkè Ìdànrè. Ẹ̀gbọ́n ti ní kí owó oṣù àkọ́kọ́ wọlé kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ti san tèmi.