Taj Mahal Dára, Ṣùgbọ́n Ẹ Ṣọ́ra fún Àwọn Onímárúwá Agra

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé Taj Mahal, ibojì funfun tó wà ní ìlú Agra ní Íńdíà, dára ju gbogbo àwòrán rẹ̀ tí mo ti rí lọ. Tí ẹ bá gbọ́ ìbínú nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe ilé yẹn ló bí mi nínú. Onímárúwá kan ni.

Ìrìnàjò láti Delhi kò ní wàhálà kankan. Gatimaan Express ni mo wọ̀, ọkọ̀ ojú irin tó mọ́ tónítóní, tí kì í tó wákàtí méjì tó fi ń dé Agra. Owó rẹ̀ kò dùn mí rárá. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì o, nítorí ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń ti Taj fún àwọn àlejò. Àwọn tó fẹ́ kírun Jímọ̀ ní mọ́sáláàṣí inú ọgbà náà nìkan ló ń wọlé.

Nígbà tí mo jáde níbùdókọ̀, mo bá onímárúwá kan ná an dáadáa: 200 rúpì (owó Íńdíà), tààrà sí ẹnubodè Taj ti ìlà-oòrùn, kò sí ìdúró kankan lọ́nà. Ó ní kò burú. A ò tíì rìn jìnnà tó fi yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní kọ̀rọ̀, ó pa kẹ̀kẹ́, ó ní, “Màdáámù, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ kàn wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ẹ ò ní ra nǹkan kan.” Mo ní n kò lọ. Ó ní kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ sinmi, ó ti gbóná jù. Oòrùn ń mú, kò sí kẹ̀kẹ́ mìíràn nítòsí, ọlọ́jà sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Kí n tó jókòó, tíì oníwàrà ti dé. Wọ́n pa iná, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àwo kan, òkúta pupa tó wà lára rẹ̀ sì pọ́n bí ẹ̀yinná. N kò ní bu iṣẹ́ yẹn kù. Irú rẹ̀ ló wà lára Taj: wọ́n á gé òkúta iyebíye wẹ́wẹ́ sí ìrísí ewé àti òdòdó, wọ́n á gbẹ́ ojú mábù kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè bá ihò tirẹ̀ mu, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣì wà ní Agra títí dòní.

Àmọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún mi yàtọ̀. Àwo tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, 18,000 rúpì. Mo ní rárá. Ó di 12,000, ó di 7,000. Bí mo ṣe dìde, ó di 2,500! Mo dojú àwo náà délẹ̀, mo fi èékánná ha ìdí rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun bọ́ sílẹ̀. Mábù láti ìlú Makrana tí wọ́n fi kọ́ Taj kì í gba èékánná. Òkúta rírọ̀ tó fara jọ ọ́ ni wọ́n ń tà ní owó mábù. Onímárúwá mi jókòó síbòòji, ó ń mu tíì tirẹ̀, ó ń retí ìpín rẹ̀ nínú owó tí n kò ná. Kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ èyíkéyìí níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ pé tí ó bá yà síbì kankan, ẹ ò ní san rúpì kan, kí owó sì wà lápò yín títí ẹ ó fi dé.

Owó ìwọlé fún àlejò jẹ́ 1,100 rúpì, pẹ̀lú 200 sí i tí ẹ bá fẹ́ wọ ibi ibojì gan-an. Ọmọ Íńdíà ń san 50. Mo gbọ́ tí àwọn àlejò kan ń kùn, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn: ilé wọn ni. Ẹ má ṣe yọ 200 yẹn sílẹ̀.

Ẹnubodè pupa ńlá kan ni a kọ́kọ́ gbà kọjá. Nínú òkùnkùn rẹ̀ ni mo ti rí i, funfun báláú, ẹnu mi sì dákẹ́. Ọdún 1631 ni Mumtaz Mahal kú níbi ìbímọ, ọmọ kẹrìnlá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ọkọ rẹ̀, Ọba Shah Jahan, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé yìí. Ẹ wo àwọn ẹsẹ Kùránì tó yí ẹnu ọ̀nà ká: bí wọ́n ṣe ń gòkè ni àwọn lẹ́tà ń tóbi sí i, kí wọ́n lè dọ́gba lójú ẹni tó dúró nísàlẹ̀. Àwọn ilé ìṣọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ síta díẹ̀, kó má baà jẹ́ pé tí ilẹ̀ bá mì, wọ́n á wó lu ibojì.

Gbogbo nǹkan níbẹ̀ ló ní ìkejì tó bá a dọ́gba, àfi pósí ọba. Ti ìyàwó wà láàárín gbùngbùn, tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ rẹ̀ Aurangzeb ló gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1658, tó sì sé e mọ́ inú Agra Fort, ilé olódi ńlá tó wà ní Agra, títí tó fi kú ní 1666. Wọ́n wá gbé e lọ bá ìyàwó rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹ̀ṣọ́ fi fọn fèrè pé kí a máa lọ.

Nígbà tí mo jáde, onímárúwá àárọ̀ ń dúró, ó ní 500 rúpì ni àlọ tuntun. Mo kọjá lára rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé mi ní 150 lọ sí Mehtab Bagh, ọgbà tó wà lódìkejì odò Yamuna. Kò yà síbì kankan. Èrò kò pọ̀ níbẹ̀, owó ìwọlé rẹ̀ kéré gan-an sí ti Taj, ẹ̀yìn ilé náà ló sì kọjú sí i, láìsí ẹnì kankan tó ń tì yín. Mo fún ọmọ náà ní 200, mo ní kó mú ṣéńjì.