Orógbó ẹ̀gbọ́n mi àti tíńnà

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó ń fín ọ̀dà sára mọ́tò ní abúlé mẹkáníìkì, orógbó kì í wọ́n lápò ẹ̀. Tó bá ti fẹ́ fi tíńnà po ọ̀dà báyìí, á ju ẹyọ kan sẹ́nu, á máa rún un lọ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, tó bá ṣíwọ́ tán á fi mílíìkì agolo kan lé e. Mo ní bọ̀dá, ìbòmú ńkọ́? Ó ní ooru ń mú òun jàre, orógbó á bá òun fọ ẹ̀dọ̀.

Kí n má parọ́, mo fẹ́ gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀, torí orógbó tí wọ́n fi ń sọmọ lórúkọ, ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Ìgbà tí mo wá ń kà nípa ẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ jẹ́ irọ́ pátápátá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, bẹ́ẹ̀ ni, Iwu tó ṣe alága INEC láti 2005 sí 2010 yẹn náà ni mò ń wí, kó tó di pé ọ̀rọ̀ ìbò gbé e lọ, ewé àti egbò ni iṣẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Nsukka, ó sì wà lára àwọn tó yẹ inú orógbó wò láyé 1980 síwájú, tí wọ́n rí ohun tó ń jẹ́ kolaviron níbẹ̀ tó ń gbèjà ẹ̀dọ̀. Àwọn ará Yunifásítì Ìbàdàn náà ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ gan-an.

Eku ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fún eku ní carbon tetrachloride, kẹ́míkà tí àwọn dirai-kílínà máa ń fi fọṣọ nígbà kan rí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe kẹ́míkà yẹn gan-an ló ń pa ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀ níbi tó ti ń gbìyànjú láti tú u palẹ̀ ló ń sọ ọ́ di nǹkan tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, tíyẹn á wá máa jẹ ọ̀rá tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Kolaviron máa ń bá a mú nǹkan burúkú yẹn sílẹ̀, curcumin tó wà nínú ata ilẹ̀ pupa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ibi tí bàtà ti ta mí lẹ́sẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyẹn, eku ti máa ń gba oògùn ẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní májèlé, bí ẹni tó ti ṣí agboorùn kí òjò tó dé, wọ́n sì fún oògùn yẹn jáde nínú orógbó ni, wọ́n wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ká kàn máa rún ẹyọ kan. Eku yẹn ò sì ní padà síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì lọ fi tíńnà fọ ọwọ́. Tíńnà tiẹ̀ kì í ṣe carbon tetrachloride, ọpọlọ ló máa ń kọ́kọ́ dojú kọ, ìyẹn ni òòyì fi máa ń kọ́ ẹ̀gbọ́n mi nírọ̀lẹ́. Ti mílíìkì yẹn, mi ò ní sọ̀rọ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni paracetamol tó máa ń lò nítorí ẹ̀yìn ríro, ó lè lo mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, á tún fi ọtí lé e. 500 mg mẹ́jọ lóòjọ́ ni òpin fún àgbàlagbà, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ẹ̀dọ̀ á tún sọ òun náà di májèlé. Wọ́n ní oògùn fún un o, N-acetylcysteine, ọsibítù ni wọ́n ti ń fún èèyàn, ó sì dáa jù kó wọlé láàárín wákàtí 8. Ẹni tó bá ní kí ojú òun pọ́n bíi ti ibà pọ́njú ná, tó ń wá ewúro kiri, ń fi àkókò ṣòfò ni. Àwọn kápúsù ata ilẹ̀ pupa gan-an ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́ ní Ítálì àti Amẹ́ríkà.

Mo ra ìbòmú oníèédú fún un lóṣù tó kọjá, torí ti kòrónà yẹn ò lè dá èéfín tíńnà dúró. Ó ń lò ó. Àmọ́ ó máa ń gbé e sókè díẹ̀ kó lè ráyè ju orógbó sẹ́nu.