Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Dídán Agbára Ìrìn Àwọn Aláìsàn Òpó Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀dọ̀fóró Wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń ru nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró wọn máa ń tan ènìyàn jẹ nígbà tí wọ́n bá wà ní ìjókòó. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín bá yín sọ̀rọ̀ lórí àga lè má lè gun àtẹ̀gùn láìdúró sinmi, nítorí pé òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ti há, ó sì ti le, débi pé nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń béèrè ẹ̀jẹ̀ sí i, agbára apá ọ̀tún ọkàn kì í ká a mọ́.

Ìrìn oníṣẹ́jú 6 ni ìdánwò tí ẹ ó máa ṣe jù: aláìsàn á rìn fún ìṣẹ́jú 6, a ó sì wọn iye mítà tó rìn. Ó rọrùn lójú, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti ń bàjẹ́. Ìlànà tí American Thoracic Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dọ̀fóró ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2002 fẹ́ ọ̀nà títẹ́jú tó gùn tó mítà 30. A kì í bá aláìsàn rìn, kí ó má baà máa tẹ̀lé ìrìn tiwa. Ọ̀rọ̀ ìṣírí kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pariwo bí ẹni ń wo eré ìje, àánú ni lójú yín, ṣùgbọ́n mítà tí ariwo yín fi kún un, dókítà lè kà á sí iṣẹ́ òògùn. Ìyàtọ̀ tó ní ìtumọ̀ fún aláìsàn kò ju nǹkan bí mítà 33 lọ, ìṣírí àṣejù nìkan sì lè mú tó bẹ́ẹ̀ wá.

Ìlànà ìtọ́jú àìsàn yìí tí wọ́n gbé jáde ní Yúróòpù ní ọdún 2022 ka ìrìn tó ju mítà 440 sí ewu kékeré, ó sì ka ohun tí kò tó 165 sí ewu ńlá. Síbẹ̀, ọ̀dọ́ tó ga lè kọjá 440 kí àìsàn rẹ̀ sì máa le sí i, orúnkún sì lè dá àgbàlagbà dúró kí ìmí rẹ̀ tó dá a dúró. Ẹ kọ ohun tó dá a dúró sílẹ̀, àti ibi tí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ dé jù lójú ìrìn.

Kẹ̀kẹ́ ìdánwò tí kì í kúrò lójú kan, pẹ̀lú ìbòmú tó ń wọn afẹ́fẹ́ ló ń sọ ìyókù. Ní ti ara líle, ìwọ̀n káàbọ́ọ̀nù dáyọ́sáídì ní òpin èémí máa ń gòkè díẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ní ti àwọn aláìsàn wọ̀nyí, ó sábà máa ń kéré, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá já lójijì, tí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ sì já tẹ̀lé e, ẹ fura pé ẹ̀jẹ̀ ń gba ihò inú ọkàn kọjá láti ọ̀tún sí òsì.

Ẹni tó bá ti dákú rí lẹ́nu iṣẹ́ agbára kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ láìjẹ́ pé dókítà wà níbẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá funfun, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tí àyà ń dùn ún, ẹ dá a dúró láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìdánwò bá parí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ dín líle kẹ̀kẹ́ náà kù, kí ó ṣì máa wà á díẹ̀díẹ̀, kí ojú yín sì wà lára ẹ̀rọ ọkàn àti lára rẹ̀.