Àárín Òbírí Méjì

Òwúrọ̀ òní, kíláàsì Prámárì 4 níbí n'Ílé-Ifẹ̀. Òbírí méjì tó wọnú ara wọn wà lójú pátákó, ọ̀kan fún ọ̀pọ̀lọ́, èkejì fún alángbá. Àwọn ọmọ kọ "inú omi ló ń yé ẹyin sí" sápá òsì, wọ́n kọ "ara rẹ̀ ní ìpẹ́" sápá ọ̀tún. Ó kan àárín, ibi ohun tí wọ́n fi jọra. Ibẹ̀ kò gba "Méjèèjì ní eegun ẹ̀yìn". Ọmọ tó fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ ń kọ ọ́ kéékèèké títí kò fi ṣeé kà mọ́.

Okùn 30 cm la fi ya òbírí kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ibi tá a fi ìdí okùn sí fi 50 cm jìnnà síra, àárín wá ku 10 cm péré. A sún ìdí okùn méjèèjì mọ́ra, ó di 35 cm síra, àárín fẹ̀ tó 25 cm. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà: ìyàtọ̀ kì í pẹ́ hàn sọ́mọ, ìjọra ló ń mú un ronú.

Ṣọ́ọ̀kì funfun ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ o; pupa kì í hàn sáwọn tó wà lẹ́yìn.

Ẹ̀yin olùkọ́ n'Ífẹ̀ àti n'Iléṣà, ṣé àárín máa ń há mọ́ àwọn ọmọ tiyín náà?